Ẹ̀rọ TENS tí mo rà fún orúnkún ìyá mi ní Táíwò

Ẹ jẹ́ n sọ ti TENS fún yín, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ dín ìrora kù, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ìyá tí orúnkún ń dùn. Aṣọ ni ìyá mi ń tà l'Ọ́jà Ọba, orí àpótí ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó bá fi máa dìde orúnkún ti gan, a ti fi róòbù ra á títí, oògùn ìrora ló wá kù tó ń lò lójoojúmọ́, ẹ̀rù yẹn ló bà mí torí ó ní ọgbẹ́ inú. Físíò tó ń tọ́jú ẹ̀, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú oríkèé àti iṣan, ló ní ká wá TENS, mo sì rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò n'Ílọrin.

Bátìrì ló ń lò, pádì mẹ́rin la máa lẹ̀ yí orúnkún ká, iná díẹ̀ á máa gba inú wọn wọ ara, á wá máa ṣe rìnrìn bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló wú mi lórí. Físíò ní ṣé téèyàn bá fẹsẹ̀ gbá òkúta, ṣebí á yára fọwọ́ ra á, tó sì máa ń rọlẹ̀ díẹ̀? Ó ní bákan náà ni rìnrìn tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ìrora orúnkún gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kó tó dé ọpọlọ, ibẹ̀ sì dà bíi géètì tó ní ọlọ́dẹ. Iṣan tó nípọn tó ń gbé ìfọwọ́kàn ń sáré kọjá mítà 30 ní sẹ́kọ́ńdù kan, iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìrora tó ń jẹni wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ kì í sábà ju mítà 2 lọ. Tí ìfọwọ́kàn bá ń ya dé lemọ́lemọ́, á jí àwọn iṣan kéékèèké kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn yẹn ni ọlọ́dẹ wa, wọ́n á tẹ ohùn ìrora mọ́lẹ̀ kó tó ráyè gòkè. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Melzack àti Wall, ló gbé èrò géètì yìí jáde ní 1965, wọ́n ti tún apá kan ẹ̀ ṣe látìgbà náà ṣùgbọ́n òun ló bí TENS. Ọpọlọ fúnra ẹ̀ náà máa ń ránṣẹ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ti géètì, ìyẹn lẹni tó ń sá fún ewu fi lè ṣèṣe kó má tètè mọ̀.

Orí àga nìyá mi ti ń kírun tipẹ́. Ní ọjọ́ kẹta tá a lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú Màgíríbì, ó ní ká gbé àga kúrò, ó sì forí kanlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rọ yìí kì í wo orúnkún sàn o, tá a bá ti pa á, ìrora ń padà díẹ̀díẹ̀. Pádì ò lẹ̀ dáadáa mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù yẹn ò sì ní òmíràn, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn ò gbọdọ̀ lò ó, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọrùn.