Ilé ìkọ́ṣẹ́ ìránṣọ kan ní Ilé-Ifẹ̀, fún ẹni tó ń ronú láti fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí léèrè ibi tí àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ti lè kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Ilé-Ifẹ̀ láìkọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tí èmi fúnra mi ti kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí Sábó. Ìyá àgbà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí ni ó ni ín. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì máa pè é níhìn-ín. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi yìn wọ́n, àmọ́ mo ní àríwísí kan tí kò kéré, n óò sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000, bẹ́ẹ̀ mo mọ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọn kò tilẹ̀ rí iye yẹn gbà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Ìpetumodù wá sí ìgboro Ifẹ̀ lójoojúmọ́ ti di ẹrù lọ́rùn òṣìṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ti rí i pé ìwé nìkan kò tó gbójú lé ní ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì tí kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Nínú oṣù mẹ́jọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá ẹni tó mọṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àìtó owó nìkan kọ́ ló ń lé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ Màmá. Àwọn kan wà tí owó oṣù wọn tó wọn ná, àmọ́ tí ọkàn wọn ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà, tí wọ́n ti ń wo àwòrán aṣọ ẹbí lórí fóònù tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n sì ń fi ojú inú rí ṣọ́ọ̀bù tiwọn, níbi tí oníbàárà yóò ti máa tò wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibí yìí wúlò fún jù lọ.

Ìdí ni pé Màmá kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kí oṣù kan tó pé. Nínú oṣù náà, kò sí ọ̀rọ̀ sítáì rárá. Ẹni tó wá yóò máa lọ aṣọ, yóò máa fi abẹ́ tú ibi tí ìránṣọ ti wọ́, yóò máa kọ ìwọ̀n oníbàárà sínú ìwé, yóò sì dúró ti Màmá nígbà tí wọ́n bá wá gba aṣọ, kí ó lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ àti bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, yóò lọ jókòó nídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ti yọ òwú kúrò lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa rán bébà àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí. Ìlà tó tọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó tẹ̀ bí ọrùn bùbá ni yóò tẹ̀ lé e, igun ni yóò sì kẹ́yìn. Ihò tí abẹ́rẹ́ bá ti lu sára bébà kò ṣe é dí mọ́, nítorí náà gbogbo ibi tí ọwọ́ ti yẹ̀ ni yóò hàn kedere nígbà tí wọ́n bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fi òwú sí ẹ̀rọ náà ni ènìyàn yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé bí ẹsẹ̀ bá ṣì í tẹ̀, àgbá ẹ̀rọ yóò yí sẹ́yìn, òwú yóò sì lọ́ pọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ẹ̀yìn a máa ro ni, ojú a sì máa ta ni. Kò sí èyí tó hàn nínú àwòrán orí fóònù.

Mo rí àwọn tí oṣù yìí mú kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mọ sítáì í yà sórí ìwé ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n kò lè fara da oníbàárà tó dúró níwájú dígí, tó ń sọ pé aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn kò wu òun mọ́. Kò jẹ Màmá ní gbèsè kankan nígbà tó lọ, kò sì tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní ló ń rán aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Lójú tèmi, oore tí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe fún un kò kéré sí èyí tó ṣe fún àwa tí a dúró.

Ọ̀rọ̀ ipò ni ó yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ mú ọkàn le sí jù. Nínú àṣà ìkọ́ṣẹ́ nílẹ̀ wa, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá ni ẹ̀gbọ́n, bó ti wù kí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ló kọ́ wa ní síìpù. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wa, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù máa ń dìde fún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi síìpù sí ẹ̀yìn gáùn léèsì, síìpù náà sì kákò. Ọmọbìnrin yìí tẹ́ gáùn náà sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ ibi tí aṣọ ti fẹ́ fẹ̀ ju síìpù lọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tú u. Ẹ ń fà á lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà á fúnra rẹ̀.” Nọ́ọ̀sì náà kò fọhùn. Ó mú abẹ́, ó tú u, ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so síìpù náà mọ́ aṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tún wọ́ díẹ̀, ọmọ náà sì tún ní kí ó tú u, pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́ mà” kan náà. Ilẹ̀ ti ṣú kí síìpù yẹn tó gún, ọmọ náà kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá níbòmíràn, tí kò sì lè gba irú ìtọ́nà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọdé, kò ní pẹ́ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Mo gbóríyìn fún Màmá nítorí bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí: ó kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rán àgbàlagbà níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àgbàlagbà fi ọjọ́ orí gba iṣẹ́ tí kò dára wọlé.

Ètò tó ṣe fún àgbàlagbà tún yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ a máa lo tó ọdún mẹ́ta, a sì máa bá ọ̀gá ṣe iṣẹ́ ilé gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àgbàlagbà tó ní ọmọ nílé tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ti àwa, ₦90,000 ni owó rẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọjọ́ tí ènìyàn bá parí ẹ̀kọ́ tó sì gba òmìnira, wọn yóò fi oyin, iyọ̀ àti ataare ṣe àdúrà fún un, wọn yóò sì fún un ní ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìjọba, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé òmìnira kọ́ nìyẹn. Ìdánwò NABTEB, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ náà gan-an, n kò rí àlèébù kankan. Wọ́n kọ́ wa pé abẹ́rẹ́ oní-nọ́ńbà 11 ni ti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ṣífọ́ọ̀nù, 14 ni ti àǹkàrá, 16 sì ni ti jíìnsì àti aṣọ mìíràn tó bá nípọn. Wọ́n kọ́ wa láti wọ́n omi sí àǹkàrá olówùú kí a sì lọ̀ ọ́ kí a tó gé e, nítorí pé òwú a máa súnkì, ẹni tó bá sì gé e gbẹrẹfu ni yóò gba ẹ̀sùn nígbà tí oníbàárà bá fọ aṣọ náà tán. Wọ́n kọ́ wa láti fi àlékún sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ, torí pé oníbàárà á sanra. Àsìkò tí ẹ̀kọ́ yìí sì ń jinlẹ̀ jù ni àsìkò tí iṣẹ́ bá pọ̀: ọ̀sẹ̀ Iléyá, oṣù Kejìlá, àti ní Ifẹ̀ tiwa níbí, ìgbà ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Màmá máa ń ní kí àwa àgbàlagbà wá ní àwọn alẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọn dandan. Mo gbà á níyànjú fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ pé kí ó lọ wo ọ̀sẹ̀ Ọlọ́jọ́ kan tán ná. Aṣọ yóò kún ilẹ̀, àwọn oníbàárà yóò máa pe fóònù láìdáwọ́ dúró, ẹni tó ń wíìfù etí aṣọ kí ó má baà tú kò ní dé lásìkò, Màmá yóò sì tún jókòó jẹ́jẹ́ máa yẹ kọ́là wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́.

Àríwísí mi rèé. Wọn kì í kọ́ni ní ìṣirò owó. Màmá mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ṣe tán iṣẹ́ báńkì ló ti wá, ṣùgbọ́n inú orí rẹ̀ ló wà. A kàn ń gbọ́ pé “aṣọ yìí, ₦15,000” láìmọ bó ṣe dé ibẹ̀. Fún ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ òbí, èyí lè má burú. Fún ẹni tó ń fi owó oṣù sílẹ̀, òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo gáùn kan tí a gba ₦15,000 lé lórí. Bí aṣọ abẹ́nú bá gba ₦4,000, tí síìpù, òwú àti gọ́ọ̀mù tó ń mú aṣọ le gba ₦1,500, tí epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦1,500, tí ẹni tó wíìfù sì gba ₦500, ₦7,500 ló kù fún iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Gáùn méjìlá lóṣù yóò mú ₦90,000 wá, èyí tó ju owó oṣù tó kéré jù lọ yẹn, ṣùgbọ́n a kò tíì yọ owó ilé, oníbàárà méjìlá náà sì gbọ́dọ̀ wá lóṣooṣù, kí wọ́n sì sanwó nígbà tí wọ́n bá gba aṣọ. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, kò sí ìsinmi tí ènìyàn yóò gba owó lé lórí. N kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó ká mi lára pé ilé ìkọ́ṣẹ́ tó ń fi òtítọ́ iṣẹ́ hàn ènìyàn tó báyìí ló fi apá yìí sílẹ̀. Mo ti bá Màmá sọ ọ́, ó sì ní kí n wá ṣe é fún àwọn tó ń bọ̀. Mo ti gbà láti ṣe é.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà. Ṣọ́ọ̀bù náà há lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀rọ kò kárí gbogbo ènìyàn, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì máa ń bo ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ń kọ́ni mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tètè dé ló ń rí ẹ̀rọ lò.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni Màmá máa ń gba àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú téèpù, sísọ́ọ̀sì tó mú, ìwé ìkọ̀wé àti bẹ́dṣíìtì àtijọ́ kan lọ. Ẹ má ra àǹkàrá tuntun kankan kí oṣù kìn-ín-ní tó parí, ẹ má sì tíì sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ pé ẹ ń lọ.