Ọ̀kadà oníbátìrì ní Abẹ́òkúta: ibi tí èéfín rẹ̀ sá sí

Irú tí a ń yẹ̀ wò ni onífóltì 72, tó ní bátìrì LFP (irú lítíọ́ọ̀mù kan) 40Ah, tí mọ́tò rẹ̀ wà nínú táyà ẹ̀yìn. Iná tí bátìrì náà ń gbà kò ju 2.9 kWh (yúnìtì iná) lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó lè rin nǹkan bíi 80 kìlómítà. Ẹni tó bá ń gbé èrò gun àwọn òkè tó yí Olúmọ ká, kó fi ọkàn sí 60.

"Kò léèéfín" ni àwọn tó ń tà á ń pariwo. Ìdí ọ̀kadà nìkan ni èéfín kò sí o. Kí bátìrì tó kúrò nílé-iṣẹ́, nǹkan bíi kílò 60 sí 100 èéfín kábọ́ọ̀nù ti bá kWh kọ̀ọ̀kan jáde. Gbèsè nìyẹn, ìrìn ni wọ́n fi ń san án. Lítà bẹntiróò kan ń tú kílò 2.3 jáde, nítorí náà ọ̀kadà elépo, tó ń jẹ lítà méjì lé díẹ̀, ń tú nǹkan bíi kílò márùn-ún ní 100 kìlómítà. Iná ìjọba, tó jẹ́ pé gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, tí omi Kàǹjì àti Jẹ́bà sì ń ràn án lọ́wọ́, máa ń mú ti oníbátìrì wálẹ̀ sí bíi kílò méjì. Ẹni tó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́ á san gbèsè náà tán kí oṣù mẹ́rin tó pé.

Ẹ wá gbé e sídìí jẹnẹrétọ̀ kékeré: bíi lítà méjì ààbọ̀ ni yóò jẹ fún 100 kìlómítà yẹn, kò dín sí iye tí ọ̀kadà elépo ń jẹ. Àǹfààní tán. Sólà 1 kW lè kún bátìrì náà lọ́jọ́ kan tí oòrùn bá mú, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ọlọ́kadà ń ṣiṣẹ́. Á ní láti ra bátìrì kejì, gbèsè tún gorí gbèsè.

Ẹ má ra bátìrì aláásíìdì, èyí tó ní òjé nínú, torí owó táṣẹ́rẹ́. Ṣájì 300 sí 500, ó ti kú. LFP ń kọjá 2,000. Òjé inú aláásíìdì ló burú jù: ní Ògíjó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, yíyọ́ bátìrì àlòkù ti kó òjé sára àwọn ará àdúgbò.

Òkè ló ń ba mọ́tò inú táyà jẹ́. Tó bá gbóná jù, wáyà sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ (ohun tó ń mọ bí mọ́tò ṣe ń yí) á yọ́, ọ̀kadà á máa gbọ̀n kó tó kọ̀ láti lọ. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi ṣájì sí i, ẹ má sì jẹ́ kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kéré sí 20%. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tí yóò gba bátìrì tó bá kú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì.