Wẹ́dà ẹ̀yìn Road Block: ẹ gbé iṣẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n ẹ mú rúlà dání

Ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí ní ẹ̀ka ẹnjiníà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́, mọ̀ pé ìgbà tí àwòrán bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ èkùrọ́ fún Másítà mi, ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan lẹ́yìn Road Block ni wọ́n júwe fún mi. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, torí èmi àti bàbá yẹn ṣì ń kí ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti yọ mí. Ẹ̀rọ mi kì í lu èkùrọ́ bí òkúta àwọn ìyá wa. Ńṣe ló ń jù ú mọ́ ara ìlù irin tagbáratagbára, kí èèpo ẹ̀ là, kí ọmọ inú ẹ̀ jáde lódindi. Irin pẹlẹbẹ mìlímítà 2 ni mo fi ìlù náà sí nínú àwòrán. Baba Ìbejì, wẹ́dà náà, wò ó, ó bu èkùrọ́ méjì nínú àpò mi, ó fi òòlù fọ́ wọn lórí kọnkéré. Ọ̀kan jẹ́ tenera, ìyẹn ti ọ̀pẹ àgíríìkì, èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ìkejì jẹ́ dura, ti ìbílẹ̀, òòlù ta sókè lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó là.

Ó ní, “Ẹnjiníà, àgíríìkì lẹ fi ṣírò. Ti àwọn ìyá tó ń ṣe àdín, àdàlú ni. Èyí tó le yìí á sọ irin yín di kòtò-kòtò.”

Ó ní ká fi òrùka irin mìlímítà 5 sínú ìlù, níbi tí èkùrọ́ ti ń bà, èyí tá a lè tú jáde tó bá jẹ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Súpáfáísọ̀ mi béèrè inú ìwé ta ni mo ti rí i. Kí ni kí n sọ?

Ibi tó jó irin pọ̀ náà dán, kò ní ihò kankan.

Àléébù ẹ̀ ni pé kì í wọn nǹkan. Ẹ́ńjìnnì tí mo rà ń yí nígbà 3,600 ní ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ kó di 1,800 lára ẹ̀rọ, mo wá kọ ọ́ gàdàgbà: púlì (àgbá tí bẹ́líìtì ń yí) mìlímítà 75 lára ẹ́ńjìnnì, 150 lára ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tá a dán an wò, mo da igbá èkùrọ́ kan sí i. Ariwo! Ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n, ó ń rìn lọ bá ọmọ iṣẹ́ kan tó jókòó ń jẹ búrẹ́dì. Nígbà tá a fi máa pa á, ohun tó wà nínú àwo jọ gàrí, èèpo àti ọmọ ti lọ̀ pọ̀. Mo wo púlì méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n, 3,600 náà ni ẹ̀rọ ń yí.

“Baba Ìbejì, 150 dà?”

“Wọn ò ní in lọ́jà. Mo ní púlì ṣáà ni púlì.”

Ó pààrọ̀ ẹ̀, kò gba kọ́bọ̀, àmọ́ ọjọ́ 9 ló fi ṣe é. Látìgbà náà, tá a bá ti sá èkùrọ́ títí tó fi ń dún woroworo tá a bá mì ín létí, odindi ló pọ̀ jù nínú ọmọ tó ń jáde.

Owó iṣẹ́ nìkan jẹ́ ₦95,000, irin lọ́tọ̀. Kò ní rìsíìtì. Ẹ̀yìn páálí ẹ́lẹ́ktíródù ló kọ tèmi sí.

Ní 2017, nígbà tí sátẹ́láìtì Nigeria EduSat-1 tí ilé ẹ̀kọ́ wa bá àwọn ará Japan ṣe gòkè lọ sójú ọ̀run, àpótí kékeré tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó máa dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ṣe àdín, irú ṣọ́ọ̀bù báyìí ló máa gbà kọjá.

Mo ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ tó máa ṣa èèpo kúrò lára ọmọ báyìí. Ọ̀dọ̀ Baba Ìbejì náà ni mò ń gbé e lọ. Èmi ni màá ra púlì.