Ilé Mẹkáníìkì Àwọn Píjò Àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé mẹkáníìkì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní ọ̀nà Ìlọrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀gá dá fún mi lórí Píjò 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀, ọjọ́ kọkànlá ni mo tó gbé e jáde. Kò sí pátákó kankan níbẹ̀. Igi máńgòrò méjì ni ẹ ó fi dá a mọ̀, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan tí àwọn bàbá tí wọn kò gbé ọkọ̀ kankan wá máa ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wa 504 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní ọdún 1975, pàápàá èyí tí ó gùn lẹ́yìn, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tí wọ́n fi ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ti dún báyìí, ẹnìkan á ní ohùn ọkọ̀ ọ̀gá òun àtijọ́ gan-an nìyẹn, ẹlòmíràn á ní rárá, ti òun dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá dé orí Volkswagen Ìjàpá, wọn á búra pé kò gbóná rí. Irọ́ ni. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára dípò omi, bẹ́líìtì kan ló sì ń yí fáànù rẹ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já, fáànù á dúró, ẹ́ńjìnnì á gbóná, ẹsẹ̀ lẹ ó fi délé. Èmi náà ti bá wọn ti Ìjàpá rí lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tòun ti aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Àmọ́ n kò fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́, mo dákẹ́.

Ní ti iṣẹ́, ọ̀gá náà mọ kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọ ẹ́ńjìnnì, bí ẹní mọ ọmọ rẹ̀. Ọkọ̀ mi ń wúkọ́, ó sì ń mu epo bí ọ̀mùtí. Ó fi ẹnu sikurudiráfà gígùn kan kan ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó dijú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tó ń sọ.” Lẹ́yìn náà ni ó yí sikúrúù kékeré kan lára kabúrétọ̀ díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì sì rọ̀ wọ̀ọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dà wọn ni n kò lè yìn. Mo fi àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì hàn wọ́n, níbi tí oòrùn kò dé. Wọ́n po èyí tí ó funfun jù ú lọ, nígbà tí mo sì pariwo, ọmọṣẹ́ kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Píjò ṣe rí láyé àtijọ́. Owó páàtì wọn náà ga, bẹ́ẹ̀ ara àwọn 504 tí ó ti kú lẹ́yìn ọgbà ni wọ́n ti ń tú u. Wọ́n mọ̀ pé ìfẹ́ ló gbé wa wá.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, bàbá kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí n jẹ́ kí òun jókòó síwájú díẹ̀. Ó di gíà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn mú, ó tì í sókè, ó fà á sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti òun náà máa ń há bí ó bá fẹ́ wọ ìkejì. Mo ti sanwó àtúnṣe gíà yẹn. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa dá a padà fún wọn.