Ẹ̀rọ Ìgba-Káàdì Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn Ìjọ Wa: Ohun Tí Ọdún Kan Fi Hàn Wá

Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni ìjọ wa wà, gbọ̀ngàn tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn sì ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Òjò ń jò sórí pèpéle rẹ̀, ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀ a máa kú nígbà tí òtútù bá mú jù, síbẹ̀ kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú àgbà tí a kì í ṣe níbẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kì í ṣe páànù tàbí ìṣó ni ó kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ wa, àyẹ̀wò ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni, nítorí pé òfin Ìlú Ọba kò gbà kí a máa fọ́ ògiri ilé tí a kọ́ ṣáájú ọdún 2000 láìkọ́kọ́ wá ohun olóró yìí. Kí a tó mọ̀, àpò ti fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ra ẹ̀rọ ìgba-káàdì, tí wọ́n sì fi í lé èmi akápò lọ́wọ́.

Oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ni ó ń ta irú ẹ̀rọ yìí, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Kò tóbi ju Bíbélì àpò lọ. Ó ní ojú dígí tí a kọ iye owó sí, a sì gbé e ka orí irin lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáwó yóò tẹ iye tí ó wù ú, yóò fi káàdì tàbí fóònù kàn án, ó parí. Lára pọ́n-ùn 10, owó tí ó ń yọ kò tó pẹ́ńsì 20. Ìyẹn kò dùn mí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tí kì í mú owó bébà jáde nílé mọ́, tí wọ́n a máa wolẹ̀ nígbà tí àpò ọrẹ bá ń kọjá, ni wọ́n ń dá a.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan rọra gbé káàdì wọn lé e lórí bí ẹni gbé àkàrà gbígbóná sínú abọ́. Ẹ̀rọ náà dún.

“Akápò, ọmọ mi, ṣé ó ti gbà á?”

“Ó ti gbà á, Mà. Olúwa yóò san án pa dà fún yín.”

Wọ́n ṣì ń wo ojú dígí náà. “Òun fúnra rẹ̀ kò wá lè dúpẹ́?”

Ọjọ́ ìkórè ni ó dójú tì wá. Ògiri gbọ̀ngàn náà nípọn, íntánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rò ó kí a tó gbé ẹ̀rọ náà síwájú pèpéle. Àwọn ènìyàn jó bọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, onígángan ń fi ìlù kì wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ fi káàdì kàn án, àmì róbótó kékeré ojú dígí sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, kò dáwọ́ dúró. Ẹni kejì kò rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí mọ́. Akọrin tún ègbè kan náà dá títí ó fi sú òun gan-an. Inú igbá ni a ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó gba ilé iṣẹ́ tí ó tà á fún wa kí wọ́n tó dáhùn pé kí a fi síìmù sí i. Ààyè síìmù ti wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìgbà tí a ti rà á.

Ṣùgbọ́n àléébù tí ó tóbi jù ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ orúkọ ẹni tí ó dáwó. Lábẹ́ ètò Gift Aid, bí ẹni tí ó ń san owó-orí bá fọwọ́ sí ìwé, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ó dá, pọ́n-ùn 10 yóò sì di 12 àti àbọ̀. Owó tí kò lórúkọ kò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí ó yọ wá ni ètò kejì tí ìjọba ṣe fún ìdáwó kéékèèké, èyí tí ó jẹ́ kí ìjọ béèrè irú àfikún kan náà láìsí orúkọ lórí ìdáwó tí kò ju pọ́n-ùn 30 lọ, ì báà jẹ́ owó bébà tàbí káàdì tí a fi kàn án, títí dé pọ́n-ùn 8,000 lọ́dún, tí àfikún rẹ̀ jẹ́ 2,000. Ètò yìí pẹ̀lú kò lè dá dúró: ìjọ gbọ́dọ̀ béèrè Gift Aid gan-an lọ́dún kan náà, owó kéékèèké tí a ó kà kò sì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 10 èyí tí a fi ìwé dá lọ. Iye tí a bá lójú ẹ̀rọ wa ni 5, 10, 20 àti 50. Oṣù márùn-ún ni 50 fi wà níbẹ̀ kí ojú mi tó là pé kò yẹ fún àfikún rárá. A ti yí i sí 30. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ni a ń fún un. Ẹ sì ṣọ́ra níbi títa oúnjẹ, nítorí pé ẹni tí ó ra àwo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti ra oúnjẹ ni, kò dáwó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ni ó gba owó rẹ̀.

Bí gbọ̀ngàn yín bá ń jò, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tí ó ń gba síìmù, tí ẹ lè fọwọ́ ara yín yí iye ojú rẹ̀, tí kò sì ní owó oṣooṣù. Tiwa ti mú apá kan owó òrùlé wá. Ìwé Gift Aid tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó mú èyí tí ó pọ̀ jù wá, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ oṣooṣù. A ti fi okùn so bírò mọ́ tábìlì náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni, méjì àkọ́kọ́ ti bá àwọn ọmọ ìjọ lọ sílé.