Lọ́dọ̀ Fadá tàbí nínú yàrá ẹni?

Ní Kubwa tí à ń gbé ní Àbújá, Kátólíìkì ni ìyàwó mi, Onítẹ̀bọmi ni èmi, ìjọ tí àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá wa gbé dé Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ àlùfáà ló yẹ ká ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kì í tán nílé wa.

Ní tiwa, Jésù nìkan ni onílàjà; 1 Tímótì 2:5 là ń dì mú. Bí mo bá ṣẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ọ́ fún Ọlọ́run, ó parí. Pásítọ̀ lè bá mi gbàdúrà, òun kọ́ ló ń dárí jì mí.

Ìyàwó mi ń lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fadá. Àwọn Kátólíìkì ò fi Fadá rọ́pò Jésù o, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń rò. Wọ́n gbà pé Jésù ló ń ti ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, Jòhánù 20:23 sì ni wọ́n gbára lé, níbi tí Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá dárí jì ni a dárí jì. Láti ọdún 1215 ni Ìjọ ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa jẹ́wọ́, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Fadá kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí náà láé, àní bí ẹ̀mí rẹ̀ bá máa bá a lọ.

Tiwa ni mo ṣì gbà pé ó bá Bíbélì mu jù. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tan ara ẹni jẹ nínú yàrá, ká máa fi “dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí” bo èyí tó ń jẹ wá lọ́kàn mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́dọ̀ pe tirẹ̀ lórúkọ, kí etí ẹlòmíràn gbọ́. Bó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, ojú rẹ̀ a máa tàn. Ìdánilójú yẹn wù mí.