Họ́ọ̀sì ọ́ìlì yìí dára, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó

Alùpùpù àtijọ́ mi ni mo so tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì ń yí láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) mọ́, ni mo fi ra họ́ọ̀sì ọ́ìlì yìí pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń wọn ìgbóná ọ́ìlì. Họ́ọ̀sì náà, tí wọ́n fi wáyà irin hun bò, tẹ́ mi lọ́rùn gan-an: kò jò, ooru ẹ́sọ́ọ̀sì kò sì rí i gbé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé họ́ọ̀sì tó ń dá ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì fẹ̀ ju èyí tó ń gbé e lọ sínú tọ́bò. Ọ́ìlì tó bá jáde nínú tọ́bò ti hó bí ọṣẹ, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló sì fi ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀nà bá há, á kún sínú tọ́bò, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Sẹ́ńsọ̀ ló yọ mí lẹ́nu. Eyín tí wọ́n fi ń yí i wọlé jẹ́ 28 nínú íǹṣì kan, ti ihò tó bá a wá jẹ́ 27. Ó yí wọlé díẹ̀, ó há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fipá dè é! Sẹ́ńsọ̀ mìíràn ni mo rà. Ẹ má sì wé téèpù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò mọ́ ọn nípọn, torí ara irin rẹ̀ ló fi ń gba áàsì (ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì). Bí kò bá kan irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, géèjì tó ń fi ìgbóná náà hàn á máa purọ́.